Ta Ló Ba Óbámimu Jẹ́?

Ìwọ̀n àyà ò sí. Ìwọ̀n ìdí ò sí. Ti apá, ti ọrùn, ti ẹsẹ̀ ṣòkòtò, gbogbo ẹ̀ ti pòórá. Ojú kọ̀ǹpútà Màmá Alága, olórí ẹgbẹ́ àwọn télọ̀, funfun báláú.

"Ẹ wá wò ó," ni Màmá Alága wí, ó na ìka sí i. "Gbogbo oníbàárà tí mo ti ń ránṣọ fún láti ọjọ́ yìí wá. Kí ni kí n ṣe báyìí? Kí n máa fojú díwọ̀n bí ẹni tó ń ta ẹja?"

Obìnrin tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ tẹ̀ síwájú, ó wò ó. Afimúfínlẹ̀ ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ọlọ́pàá ni tẹ́lẹ̀, ó fiṣẹ́ sílẹ̀ torí ó ní òun ò lè máa bá àwọn tó ń gba rìbá jẹun nínú yàrá kan náà. Báyìí, ẹni tí nǹkan bá rú lójú ló ń ránṣẹ́ pè é. Nǹkan kan wà lára obìnrin yìí, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: irọ́ máa ń rí i lára. Bí èèyàn bá ń purọ́ níwájú ẹ̀, itọ́ á kún ẹnu ẹ̀ bíi ti aláboyún tó gbóòórùn epo. Ó sì mọ̀ dáadáa pé itọ́ kì í ṣe ẹ̀rí.

Ètò kọ̀ǹpútà kan ló fa wàhálà yìí. Óbámimu lorúkọ ẹ̀. Télọ̀ á kọ ìwọ̀n oníbàárà sínú ẹ̀, ètò náà á ya bí wọ́n ṣe máa gé aṣọ. Obìnrin kan tó ti ránṣọ rí kó tó lọ kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ṣe é. Kò tà á nínú ọjà ńlá orí ẹ̀rọ, èyí tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ẹ̀. Orí ìkànnì tiẹ̀ ló ti ń tà á fúnra ẹ̀. Télọ̀ kan á sọ fún èkejì, èkejì á sọ fún ẹ̀kẹta. Kò bímọ, wọ́n wá ń pè é ní Ìyá Óbámimu. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn.

Lọ́sẹ̀ yẹn ló gbé ẹ̀dà tuntun jáde. Àwọn télọ̀ rọ́ lọ gbà á. Kò pẹ́, ìwọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù.

"Ọ̀sán òní là ń ṣèpàdé," Màmá Alága wí. "Iwájú ilé ẹ̀ gan-an la ti máa ṣe é. Bí kò bá sọ ẹni tó ṣe é fún wa, a jẹ́ pé òun ni. Gbogbo wa la máa yọ Óbámimu dànù, a ó sì kéde ẹ̀ dé gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ bá dé."

Afimúfínlẹ̀ mi orí. Ẹni tó ń tajà nínú ọjà ńlá, bí ọjà ẹ̀ bá bàjẹ́, ọjà ní olórí tí wọ́n lè lọ bá. Ẹni tó ń dá tà á, orúkọ ẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Bí orúkọ bá ti lọ, ó parí nìyẹn.

Nílé Ìyá Óbámimu, fóònù ò dákẹ́. Ọmọbìnrin kan ló ń gbé e. Òun ló ń dá àwọn oníbàárà lóhùn, Súúrù ni wọ́n sọ ọ́ torí pé kì í bínú. Ẹnì kan ń ṣépè fún un lórí fóònù lọ́wọ́lọ́wọ́. Súúrù ń sọ pé, "Ẹ má bínú, mà. Ẹ jọ̀ọ́, mà." Ẹni yẹn ò dákẹ́.

Ìyá Óbámimu jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ojú ẹ̀ ti pọ́n, irun ẹ̀ rí wúruwùru.

"Ẹ gbà mí, mà," ó ní. "Mi ò mú ìwọ̀n ẹnikẹ́ni. Kí ni mo fẹ́ fi ìdí onídìí ṣe?"

Ká ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹkún ni, Afimúfínlẹ̀ ì bá rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀dà tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe dà?"

"Òun ló wà lórí ẹ̀rọ yìí. Ẹlòmíì ò fọwọ́ kàn án."

"Ẹ fi sórí ẹ̀rọ tí kò ní nǹkan kan lórí, kí n rí i."

Ó fi í síbẹ̀. Óbámimu ṣí wẹ́rẹ́. Wọ́n kọ ìwọ̀n Súúrù sí i, wọ́n pa á, wọ́n tún ṣí i. Ìwọ̀n Súúrù wà níbẹ̀ digbí.

"Ẹ wá lọ mú èyí tó wà lórí ìkànnì yín."

Lọ́tẹ̀ yìí, kọ̀ǹpútà pariwo. Àmì pupa kan yọ gànnà-gànnà: Ẹ ṣọ́ra! A ò mọ ẹni tó ṣe ètò yìí. Ẹ má ṣí i. Nísàlẹ̀, lẹ́tà kéékèèké kan ní: Ṣí i bẹ́ẹ̀. Wọ́n tẹ ibẹ̀. Ojú kan náà, àwọ̀ kan náà. Wọ́n kọ ìwọ̀n sí i, wọ́n pa á, wọ́n tún ṣí i. Ó ti di òfìfo.

"Ẹnì kan ti paárọ̀ ẹ̀," ni Afimúfínlẹ̀ wí. "Ó ti ki kòkòrò tó ń ba ètò jẹ́ bọ̀ ọ́ nínú. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàlàyé ariwo yẹn fún mi. Kí ló dé tí tiyín ò pariwo?"

"Òǹtẹ̀ ni, mà. Kọ̀ǹpútà kì í fọkàn tán ohun tí kò bá ti inú ọjà ńlá wá. Àfi tí ẹni tó ṣe é bá lọ gba òǹtẹ̀, kí wọ́n wádìí ẹ̀ wò pé èèyàn gidi ni. Mi ò ní in látijọ́. Gbogbo àwa tí à ń dá tà, ohun tí a máa ń sọ fún oníbàárà ni pé kí wọ́n má ka ariwo yẹn sí, kí wọ́n ṣáà tẹ 'Ṣí i bẹ́ẹ̀'. Ẹ̀dà tuntun yìí ni mo kọ́kọ́ lù lóǹtẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fọwọ́ kan inú ẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ, òǹtẹ̀ fọ́ nìyẹn."

"Àwọn télọ̀ rí àmì pupa, wọn ò sì bẹ̀rù?"

Súúrù gbé fóònù sílẹ̀. "Àwa la kọ́ wọn pé kí wọ́n má bẹ̀rù, mà."

Ó rí Afimúfínlẹ̀ lára. Ẹ fojú inú wò ó: èèyàn ń kọ́ oníbàárà ẹ̀ láti kọ etí ikún sí agogo tó ń lù nítorí olè. Ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ jáde, ẹni tó ń sunkún kì í gbọ́ ìbáwí.

"Ta ló mọ̀ pé ẹ ti gba òǹtẹ̀?"

"Súúrù nìkan. Àbúrò mi ló ń bá mi polówó, mo kọ́kọ́ dá a lábàá lọ́dọ̀ ẹ̀, ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ta ló ń wo òǹtẹ̀ lára ọjà. Mo bá panu mọ́, mo lọ gbà á."

"Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ tí ẹ fi ń gbé nǹkan sórí ìkànnì?"

"Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà."

Afimúfínlẹ̀ yíjú sí Súúrù. "Ìwọ mọ̀ nípa òǹtẹ̀, o ní kọ́kọ́rọ́. Ṣé inú ń bí ẹ sí ọ̀gá ẹ?"

"Mi ò bínú, mà. Ó ti sú mi ni." Ó nawọ́ sí fóònù. "Èmi ni wọ́n ń bú. Mo ní ká gbé e lọ sínú ọjà ńlá, wọ́n ní rárá. Mo ti wá iṣẹ́ síbòmíì."

"Níbo?"

Súúrù wolẹ̀. "Lọ́dọ̀ Baba Ọjà-Ńlá."

"Háà! Súúrù!" Ìyá Óbámimu fò dìde. "Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bá mi du oníbàárà?"

Ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Ṣùgbọ́n Afimúfínlẹ̀ kíyè sí nǹkan kan: ẹnu òun gbẹ. Kò sí itọ́ kankan níbẹ̀. Ó gbé àpò ẹ̀ kọ́ apá, ó jáde.

Ọ́fíìsì Baba Ọjà-Ńlá tutù bíi yàrá òkú, òórùn lọ́fínńdà sì fẹ́ẹ̀ dá èèyàn padà lẹ́nu ọ̀nà. Ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn télọ̀ lòun náà ń tà, inú ọjà ńlá ló wà. Bàbá náà ń tayín. Á tayín, á wo ohun tó yọ, á tún dá a padà sẹ́nu. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Afimúfínlẹ̀ gbójú sára ògiri.

"Mo gbọ́, mo sì rẹ́rìn-ín," Bàbá wí. "Ṣé kí n purọ́ ni? Ohun tí kò gba ẹnu bodè wọlé, ta ló máa ṣe onídùúró ẹ̀?"

"Kí lẹ fẹ́ fi Súúrù ṣe?"

"Ọmọ tó lè gba èébú láti àárọ̀ dalẹ́, tí kò ní fèsì? Ẹ̀yin náà ẹ sọ, ẹ ò ní gbà á síṣẹ́?"

"Ó fún yín ní kọ́kọ́rọ́ ìkànnì ọ̀gá ẹ̀?"

"Bó bá fún mi, màá dúró ki kòkòrò bọ inú ẹ̀? Tèmi ni mi ò bá gbé síbẹ̀ kí wọ́n máa rà." Ó tún tayín. "Ìyá wa, ẹ jẹ́ kí n là yín lọ́yẹ. Láti ìgbà tí kinní yìí ti ṣẹlẹ̀, ṣé télọ̀ kan tiẹ̀ ti wá ra tèmi? Inú ń bí wọn sí gbogbo wa ni. Ẹ lọ wo ẹni tó ń jẹ nínú ẹ̀."

Ó ti fóònù ẹ̀ sí iwájú Afimúfínlẹ̀. Ìpolówó kan ló wà níbẹ̀. Ètò kan tí wọ́n ń pè ní Awòsàn. Kò sí nínú ọjà ńlá, ẹni tó ń tà á ò sì fojú hàn. Ọwọ́ méjì péré ni fídíò náà fi hàn, níwájú kọ̀ǹpútà kan lórí tábìlì. Ohùn ẹ̀rọ ń sọ̀rọ̀: "Ṣé ìwọ̀n rẹ ti sọnù? Awòsàn á dá a padà fún ẹ." Lábẹ́ ẹ̀, àwọn télọ̀ tó ti rà á ń dúpẹ́. Ìwọ̀n wọn ti padà, ó pé pérépéré.

Afimúfínlẹ̀ tún un wò. Ohun tó ti jóná kì í padà wá. Ohun tí wọ́n kó pamọ́ ló ń padà. Ẹni tó ni Awòsàn ló mọ ibi tí wọ́n kó o sí.

Ó ní kí Bàbá dá fídíò náà dúró. Ní igun tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ náà, ojú àpá iná kan wà. Ó fẹ̀ nísàlẹ̀, ó ṣe ṣóńṣó lókè, bí ìgbà tí èèyàn gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí igi.

"Tábìlì télọ̀ nìyẹn," ó sọ lábẹ́ ahọ́n.

"Àbí tìyàwó ilé," Bàbá dáhùn, ó tu nǹkan sórí rọ́ọ̀gì. Afimúfínlẹ̀ ò dúró kí i pé ó dàbọ̀.

Ẹlẹ́nu-Oyin ni wọ́n ń pe àbúrò Ìyá Óbámimu. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, òun ni àbíkẹ́yìn. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa ṣe fídíò, kó máa yin ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn èèyàn ń dá tà, kí wọ́n lè rí i rà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì fẹnu kan nǹkan látàná. Bí mo bá rí ẹni tó ṣe é, màá fi eyín gé e jẹ!"

Itọ́ yọ sí Afimúfínlẹ̀ lẹ́nu wàì. Ó gbé e mì. Ó wo yàrá náà yíká. Iná fídíò, kámẹ́rà, àga, tábìlì kan. Ooru mú débi pé fèrèsé ń làágùn, síbẹ̀ wọ́n ti fi aṣọ onírun tó nípọn bo tábìlì náà délẹ̀.

"Ìwọ lo polówó ẹ̀dà tuntun?"

"Èmi ni, mà. Ohùn mi ni wọ́n mọ̀."

"Èwo lo ṣí nínú fídíò náà? Èyí tó wà lórí ìkànnì ni?"

"Rárá o!" Ó yára gbà á. "Èyí tí ẹ̀gbọ́n mi fi lé mi lọ́wọ́ kó tó gbé e síta ni. Ojúlówó ni. Ọwọ́ olè ò tíì kàn án nígbà yẹn."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Bí mo ṣe ń mí yìí."

"Jẹ́ kí n wò ó."

Ó ṣí i fún un tìdùnnú-tìdùnnú. Ẹlẹ́nu-Oyin inú fídíò wọ ẹ̀wù olómi ọsàn, ó ń rẹ́rìn-ín. "Óbámimu tuntun ti dé o!" Ó tẹ ètò náà. Àmì pupa yọ. Ẹlẹ́nu-Oyin ṣẹ́jú sí kámẹ́rà. "Ẹ̀yin èèyàn mi, aláriwo wa ti tún dé! Ẹ mọ̀ ọ́n, àbí? Ẹ fi í sílẹ̀ kó máa pariwo. Ẹ tẹ 'Ṣí i bẹ́ẹ̀', ó parí."

Afimúfínlẹ̀ wò ó dópin. Kò yí ojú padà.

"Òǹgbẹ ń gbẹ mí, ọmọ mi. Bá mi bu omi."

Bó ti jáde, ó gbé igun aṣọ tábìlì náà sókè. Àpá iná wà níbẹ̀, ó fẹ̀ nísàlẹ̀, ó ṣe ṣóńṣó lókè. Ó dá aṣọ padà. Nígbà tí omi dé, ó gbé e sílẹ̀ láì fẹnu kàn án.

"Dìde ká lọ sílé ẹ̀gbọ́n ẹ. Àwọn télọ̀ máa fẹ́ gbọ́ ohùn tí wọ́n mọ̀."

"Kíákíá, mà!"

Àwọn télọ̀ ti kún iwájú ilé nígbà tí wọ́n dé. Ẹnì kan pòṣé bí Ẹlẹ́nu-Oyin ṣe ń kọjá. Nínú pálọ̀, Ìyá Óbámimu àti Súúrù jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọn ò wo ara wọn. Afimúfínlẹ̀ ti ilẹ̀kùn.

"Ìyá Óbámimu, ẹ̀dà tí ẹ fún àbúrò yín kí ẹ tó gbé e síta, ṣé ó ní òǹtẹ̀?"

"Ó ní in, mà. Mo ti lù ú kí n tó fún un."

"Ṣé ó lè pariwo?"

"Kò lè pariwo."

"Ó pariwo nínú fídíò ẹ̀."

Ẹlẹ́nu-Oyin rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ̀rọ ni, mà. Ẹ̀rọ máa ń..."

"Dákẹ́. O ní ojúlówó tí ẹ̀gbọ́n ẹ fún ẹ lo ṣí. Irọ́ ni. O ti tú ojúlówó palẹ̀, o ti ki kòkòrò bọ̀ ọ́. Bí o ṣe fọwọ́ kàn án, òǹtẹ̀ fọ́. O ò mọ̀, torí o ò mọ̀ pé òǹtẹ̀ wà níbẹ̀. Nígbà tí àmì pupa yọ, o rò pé ti àtẹ̀yìnwá ni. Ó ti mọ́ gbogbo yín lára jù. Kí olè kankan tó dé ìkànnì, èyí tó ní kòkòrò ti wà lọ́wọ́ ẹ, o sì ń kọ́ àwọn télọ̀ bí wọ́n ṣe máa ṣí i. Súúrù mọ̀ nípa òǹtẹ̀. Bó bá jẹ́ òun ni, ẹ̀rù àmì pupa yẹn ì bá bà á. Baba Ọjà-Ńlá ò ní kọ́kọ́rọ́. Ìwọ ní in."

"Kí ni mo máa rí jẹ níbẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi ni!"

"Awòsàn. Ọwọ́ ẹ ló wà nínú fídíò yẹn. Tábìlì tí o fi aṣọ bò nínú ooru, àpá áyọ́ọ̀nù wà ní igun ẹ̀."

Ìyá Óbámimu dìde díẹ̀díẹ̀. "Tábìlì mi," ó ní. "Èyí tí mo fi kọ́ṣẹ́ télọ̀. Mo fún ẹ kí o lè rí nǹkan fi bẹ̀rẹ̀."

Ẹ wo bí ojú èèyàn ṣe ń yí padà. Oyin ti tán lẹ́nu ẹ̀.

"Ta ló tà á?" ó bú jáde. "Èmi ni! Mò ń sọ̀rọ̀ títí ohùn mi fi ń há. Ta ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀? Ìyá Óbámimu! Bí mo bá dé ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n á ní, 'Àbúrò Ìyá Óbámimu, ẹ̀gbọ́n ẹ ńkọ́?' Mo fẹ́ ní tèmi. Nǹkan tí wọ́n á rà torí pé wọn ò lè ṣe kí wọ́n má rà á. Kí ló dé tí ẹ ń wò mí báyìí? Ìwọ̀n náà wà níbẹ̀! Ẹnì kan kú ni?"

Afimúfínlẹ̀ ti rí apànìyàn rí. Kò tíì sí èyí tó rí i lára tó báyìí. Ẹni tó fi májèlé sínú kànga, tó wá gbé àga síbẹ̀, tó ń ta oògùn, tó tún ń gba oúnjẹ jẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni kànga.

Ẹlẹ́nu-Oyin kúnlẹ̀, ó di aṣọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ mú. Ó rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́. Màá dá gbogbo ìwọ̀n padà. Ẹ ṣáà sọ pé Súúrù ni. Ó kúkú ń lọ sọ́dọ̀ Baba Ọjà-Ńlá. Ta ni ò ní gbà á gbọ́? Orúkọ yín á mọ́, tèmi á mọ́."

Súúrù dìde, ó wo ọ̀gá ẹ̀.

Àfi bí Ẹlẹ́nu-Oyin ṣe yọ fóònù, tó pe ìyá wọn. Ẹ ò rí i bí? Ọkùnrin tó nírùngbọ̀n! Ó rọ́ gbogbo ẹ̀ tẹkúntẹkún, ó wá tẹ̀ ẹ́ kó lè dún síta. Ohùn ìyá arúgbó kún inú pálọ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o gbọ́ mi? Ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn, yóò ríṣẹ́ míì. Tìrẹ ló wà nílẹ̀ yìí. Bò ó, mo bẹ̀ ẹ́. Má ta ẹ̀jẹ̀ ara ẹ."

Ìyá Óbámimu wo Súúrù. Afimúfínlẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún un. Òun kọ́ ló ni orúkọ tó fẹ́ bàjẹ́, òun kọ́ ló ni ìyá tó ń sunkún. Láti ìta, Màmá Alága kan ilẹ̀kùn. "Àsìkò ti tó o!"

"Màámi," Ìyá Óbámimu wí, "mi ò tà á. Òun ló tà mí. Ẹ sì fẹ́ kí n ta ọmọ ọlọ́mọ kún un."

Ó gba fóònù náà, ó pa á, ó fi lé Afimúfínlẹ̀ lọ́wọ́. "Ẹ pe àwọn ọlọ́pàá, mà." Ó já aṣọ ẹ̀ gbà lọ́wọ́ àbúrò ẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ Súúrù, ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tó lè bí. "Má bínú. Mo rò ó. Fún ìgbà díẹ̀, mo rò ó."

Nígbà náà ló ṣí ilẹ̀kùn.

Oòrùn pa á lójú. Gbogbo àwọn télọ̀ yíjú sí i.

"Àbúrò mi ni," ó ní. "Ọmọ ìyá mi. Òun ló ki kòkòrò bọ̀ ọ́, òun náà ló ń ta Awòsàn fún yín. Èmi ni mo fún un ní kọ́kọ́rọ́. Èmi ni mo sì kọ́ yín pé kí ẹ má ka àmì pupa sí. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ yọ Óbámimu, ẹ yọ ọ́. Mi ò ní bá yín jà."

Ẹnì kan tutọ́ sílẹ̀. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, wọ́n ń gbọn aṣọ, wọ́n ń lọ.

Màmá Alága ò kúrò lójú kan. Ó wo obìnrin náà láti òkè délẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ ránṣọ fún un. Ó wá tú àpò ẹ̀, ó yọ kọ̀ǹpútà ẹ̀, ó gbé e lé e lọ́wọ́.

"Jókòó," ó ní. "Fi ojúlówó sí i. Mo fẹ́ máa wò ọ́."